Fìlà Tó Ń Ṣàìsàn

"Ewé yìí ń ṣàìsàn."

Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sójú rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ewé ló wà lórí tábìlì pupa náà. Fìlà bàbá Kíákíá ni.

"Fìlà mi?" Bàbá rẹ̀, télọ̀ aláwàdà, gbé e sókè, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. "Mo dé e láàárọ̀ yìí, ara rẹ̀ sì le koko!"

Kíákíá kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Yunifásítì ìlú wọn ń wá olùkọ́ tó mọ̀ nípa àbùdá tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó sì tún mọ̀ nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn bí a ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá nǹkan mọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkàn ìyá Kíákíá ti wà níbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà ló ń gbìn lẹ́yìnkùlé, tó ń wo èyí tó jogún agbára láti borí àìsàn. Lọ́la ni yóò fi han ìgbìmọ̀ yunifásítì náà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dá ewé aláìsàn mọ̀. Kíákíá ló ní kó ya fọ́tò àwọn ewé tí wọ́n máa fi kọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Má yà wọ́n sójú kan o," ló kìlọ̀ fún un.

Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ń pè é sí bọ́ọ̀lù. Ló bá kó gbogbo ewé aláìsàn sórí tábìlì pupa, ó kó àwọn tí kò ṣàìsàn sórí sìmẹ́ńtì níta, ó yà wọ́n wàràwàrà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọ ewé rárá. Tábìlì pupa ló ń pè ní àìsàn.

"Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀?" ló ń rò. Ṣùgbọ́n ó ro ti ìyá rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ó wọ yàrá lọ bá a níbi tó ti ń lọ aṣọ.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkan pamọ́.

"Àbí n kò kìlọ̀ fún ọ?"

"Ẹ kìlọ̀ fún mi, mà. Ìkánjú ni."

Ni bàbá bá yọjú: "Ìyá Kíákíá, bá mi wá dókítà o. Ibà ń ṣe fìlà mi!"

Ìyá kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. "Ó yá, ẹ gbé tábìlì yẹn jáde!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kíákíá ń gbọ́ ariwo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti pápá, ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ya ewé aláìsàn àti èyí tí kò ṣàìsàn lórí ẹní, ó yà wọ́n lórí ìyẹ̀pẹ̀, ó yà wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mú fìlà náà dání. Ó tẹ́ aṣọ pupa síwájú ìgbìmọ̀, ó gbé fìlà lé e, ó sì kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi fọ́tò oníkánjú kọ́ wò ó. "Ewé yìí ń ṣàìsàn." Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ló lo èyí tí wọ́n tún kọ́, kò sì ṣi ewé kan mú.

"Ta ló rí àṣìṣe yìí?" ni alága bi í.

"Ọmọ mi tó ṣe é ni, sà."

Nígbà tí wọ́n pe ìyá pé òun ló gba iṣẹ́ náà, igbe ayọ̀ ta nínú ilé. Bàbá jó yí tábìlì pupa ká, pẹ̀lú fìlà lórí. Ìyá fa Kíákíá mọ́ra.

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá ti ṣe àṣìṣe, sáré wá sọ ọ́. Ìkánjú tó dára kò ju ìyẹn lọ."