Ẹni Kọkànlélógójì

N kò bù mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo ń kọ ọ́, kí ẹni tí yóò jogún àwọn ìwé mi lè kà á kí ó tó ṣí èyíkéyìí nínú wọn.

Ìwé àtijọ́ ni mo ń ṣà jọ, àwọn tí a fi àwòrán ìtàn mímọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwòrán afínbàbà ni mo ń pè wọ́n, nítorí orí awo bàbà ni oníṣẹ́ ọnà ti kọ́kọ́ fín wọn kí ó tó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Òfin kan ni mo ní. Mo gbọ́dọ̀ ka iye ènìyàn inú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi gègé olójé, tí ìyàwó mi ń pè ní pẹ́ńsùlù, kọ ọ́ sẹ́yìn ewé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ ewé, n óò mọ̀.

Ọwọ́ Bàbá Aránwèé, àgbà tó ń tún ìwé dì, ni mo ti ra ìwé Ìkún Omi. Nínú àwòrán rẹ̀, omi ń kún bo ilẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gun òkè. Gbogbo wọn kẹ̀yìn sí wa. Bàbá náà ní irú òfin mi yìí; ó ti kọ "ogójì" sẹ́yìn àwòrán náà.

"Mọ́kàndínlógójì ni ẹni tó ni ín ṣáájú mi kọ," Bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò mọ nǹkan kà. Mo bá a tún un ṣe."

"Ibo ni ẹni náà wà báyìí, Bàbá?"

"Wọ́n ní ó rìnrìn àjò."

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, mo fi awò amúǹkantóbi kà wọ́n. Mọ́kànlélógójì. Mo tún un kà. Mọ́kànlélógójì. Ojú Bàbá ti di ti àgbà, ni mo wí lọ́kàn ara mi. N kò lè fara da àṣìṣe. Mo pa ogójì rẹ́, mo kọ tèmi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin Bàbá pè mí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Bàbá mi wà lọ́dọ̀ yín? Àtàárọ̀ la ti ń wá wọn. Awò ojú wọn ṣì wà lórí tábìlì. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù rinrin."

Mo padà sídìí ìwé. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá wọ ẹ̀wù iṣẹ́. Okùn ẹ̀wù náà já lápá òsì, bíi ti èyí tí Bàbá wọ̀ lọ́jọ́ tí mo ra ìwé náà.

Bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Lówùúrọ̀ yìí, mo ní kí ìyàwó mi bá mi kà á. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ ìwé! Ẹ ò mọ iye bọ́tìnnì tó kù lára ẹ̀wù yín, èèyàn orí bébà lẹ ń kà."

Mo fi í sílẹ̀ nínú yàrá ìwé, mo wá jókòó sí yàrá kejì láti fi gègé olójé mìíràn kọ èyí. Ó ń kà sókè. Mo ń gbọ́ ọ. Ó kà á tán.

"Méjìlélógójì ni o! Ẹni ẹ̀yìn yìí mú nǹkan ṣóńṣó kan lọ́wọ́, ó jọ pẹ́ńsùlù. Ẹ̀yin náà ṣì í kà! Ẹ má ṣèyọnu, mo ti ń pa tiyín rẹ́."

"Má kọ nǹkan kan!"



"Ibo lẹ wà?"

"Yàrá kejì! Ju pẹ́ńsùlù yẹn sílẹ̀!"

"N ò gbọ́ yín dáadáa. Kí ló dé tí ohùn yín jìnnà báyìí?"

Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo ń gbọ́ bí gègé olójé ṣe ń ha ewé.