Ibi tí Àlàáfíà Ti Wá

Bàbá gbé ojú ewé àkọ́kọ́ síwájú ọmọbìnrin rẹ̀, yíǹkì ò tíì gbẹ lára rẹ̀. "Ìyá Ìwé, fọwọ́ sí i. O mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yìí kì í tẹ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ò bá fọwọ́ sí."

Igba ẹ̀dà ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ ló ń dúró dè é. Àròkọ rẹ̀ lórí orísun ọ̀rọ̀ "àlàáfíà" ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó kọ ọ́ pé obìnrin kan tó ń parí ìjà láyé àtijọ́ ló ń jẹ́ Àlàáfíà, pé ìyá òun ló pa ìtàn náà fún òun kó tó kú. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, kò rí orísun kankan, ló bá fi ìyá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, torí ta ni yóò bi òkú léèrè?

"N ò mọ̀ pé ó pa irú ìtàn yìí fún ọ," ni Bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ó mà ṣeun o."

Bírò wúwo lọ́wọ́ ọmọ náà bí ọmọ odó.

"Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo hun ún."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Bàbá rọra jókòó lórí páálí bébà.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Bàbá Alábẹ́rẹ́, arúgbó tó ń rán ìwé pọ̀ ní kọ̀rọ̀, ló fọhùn. "Mo ti ń rò ó pé ọmọ ta ni obìnrin Àlàáfíà yẹn. Èdè Lárúbáwá lọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọ́n kọ́ wa nílé kéwú. Ìlera ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn."

Bàbá gbórí sókè. "Ìlera? Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, láràárọ̀ ló ń bi wá pé, 'Ṣé àlàáfíà lẹ jí?' Òun tí ara rẹ̀ ò yá ló ń béèrè bí ara wa ṣe rí."

Àwọn méjèèjì sunkún díẹ̀. Bàbá Alábẹ́rẹ́ ṣe bí ẹni tó ń wá òwú.

Olùkọ́ gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní "Ìyá Àlàáfíà" títí sáà fi parí. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́fà tó tún kọ nípa ìkíni ìyá rẹ̀, tó jẹ́ òótọ́, wọ ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ti mọ̀ wàyí pé òkú kò nílò irọ́ wa kó tó níyì. Ìwọ̀nba òótọ́ tó fi sílẹ̀ tó ohun tí a lè dúpẹ́ lé lórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá kanlẹ̀kùn rẹ̀. "Ìyá Ìwé, ṣé àlàáfíà lo jí?"

Ó gbọ́ ohùn méjì nínú ẹyọ ohùn kan.

"A dúpẹ́, sà," ló dáhùn. "A dúpẹ́ gan-an."