Odò Tí Kò Parí

Inú odò ni ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan ti kọ́kọ́ rí ayàwòrán kan: omi mù ún dé orúnkún, búrọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́nu rẹ̀, òmíràn ń fò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí oòrùn mi," ni ayàwòrán náà wí, láìwẹ̀yìn.

"Háà! Ìgbà wo lẹ ra oòrùn?"

Ẹ̀rín pa á, búrọ́ọ̀ṣì ẹnu rẹ̀ já bọ́ sómi. Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin náà ti ń pè é ní Ọkọ Oòrùn.

Láti ìgbà èwe rẹ̀, odò yẹn nìkan ni ọkùnrin náà ń yà: kùrukùru rẹ̀, ọ̀sán rẹ̀ tó ń kọ yanran. Kì í fa ìlà yí ohunkóhun ká. Àwọ̀ ni ó ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀, tí ó sì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn ará ìgboro ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí epo ti ń wọ igi, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọ àwọn méjèèjì lára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ayàwòrán gbé àwòrán rẹ̀ tó dára jù lọ wá sí ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà láti tọrọ ọmọbìnrin náà, bàbá rẹ̀ fajú ro.

"Iṣẹ́ yìí ò tíì parí."

"Ó ti parí, Bàbá."

"Ewé igi etí odò dà? Ẹni tí kò lè parí odò, báwo ni yóò ṣe parí ilé? Kùn ún parí lójú mi, kí o mú ọmọ mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà nìyẹn."

Ayàwòrán ti búrọ́ọ̀ṣì bọ àwọ̀ ewé. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé bí búrọ́ọ̀ṣì yẹn bá kan àwòrán, òun yóò ní ọkọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí òun rí nínú odò lọ́jọ́ náà yóò ti kú.

Ó gbá ọwọ́ náà mú. "Fi sílẹ̀."

"Tí n bá fi sílẹ̀, mo ti pàdánù rẹ nìyẹn."

"Tí o bá kùn ún, ta ni n ó wá fẹ́?" Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, kí ló dé tí ilẹ̀kùn tí ẹ bá kàn kì í fi há gádígádí mọ́ férémù?"

"Ọmọ yìí! Igi ń wú lásìkò òjò. A gbọ́dọ̀ fún un láyè."

"Ṣé ẹ ò parí ẹ̀ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀! Àyè yẹn gan-an ni iṣẹ́…"

"Omi ń wú ju igi lọ, Bàbá."

Bàbá fi ìka tọ àwọn àyè àárín àwọ̀ inú àwòrán náà. Lẹ́yìn náà ni ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ayàwòrán, ó sì tì í bọ àpò ara rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́, kí o má baà bà á jẹ́. Ìgbà wo làwọn òbí rẹ ń bọ̀?"

"Lọ́la!" ni ọmọbìnrin náà dáhùn.

"Ṣé ìwọ ni mo bi?"

"Ohun tó bá ti wí náà ni, Bàbá," ni Ọkọ Oòrùn wí.

Àwọ̀ ewé ti ta sí wọn lọ́wọ́, tọkùnrin tobìnrin. Kò sẹ́ni tó nù ún kúrò.