Ìbora Lórí Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Ignacy

Orí ẹrù mi ni mo ti kọ́kọ́ rí Ignacy. Ó jókòó lé e bí ẹni jókòó sórí àpótí bàbá rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun ni, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbéra lọ sí Òkè Mímọ́lẹ̀ ní Częstochowa, láti gbàdúrà níwájú àwòrán Ìyá Olúwa tó ní àpá lójú. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín lóṣù kẹjọ, láti abúlé dé abúlé, inú abà koríko la sì ń sùn. Ẹrù ìsùn wa nìkan ló ń gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ignacy ló ń da ẹṣin náà.

Mo ní kó dìde lórí ẹrù mi. Ó wò ó, ó wò mí.

"Arábìnrin, ẹrù rẹ rèé? Mo rò pé ìrọ̀rí ẹnì kan ló já bọ́ ni."

Arákùnrin àti arábìnrin ni gbogbo wa ń pe ara wa lójú ọ̀nà yẹn, àtàgbà àtọmọdé.

"Arákùnrin," ni mo fèsì, "ìwọ tí ẹṣin ń bá rìn, kí lo mọ̀ nípa ẹrù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi, inú sì bí mi pé ó dùn mọ́ mi.

Kò pẹ́ tí òjò fi ká wa mọ́nà. Tapólì kò tó bo gbogbo ẹrù. Ignacy bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ẹrù àwọn ìyá arúgbó tó wà létí kẹ̀kẹ́, ó wá ń lọ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì lásán, omi ń kán tó tó ní imú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn lẹ́bàá kẹ̀kẹ́. Kí a tó padà sílé, ó ti ń pè mí ní ẹyẹlé mi, bí Fadá tó ń darí wa kò bá sí nítòsí.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó béèrè bí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mo ní wọn kò ní ilẹ̀, ẹṣin ni wọ́n ní.

"Ẹṣin a máa kú, Lodzia," ni ìyá mi wí. "Ilẹ̀ kì í kú."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Kí yìnyín ọdún náà tó yọ́, ó ti fi mí fún Hipolit, ẹni tí oko rẹ̀ lọ kan odò. Wọ́n ní tí a bá ti wa ọ̀dùnkún tán, ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbora, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń rákò ni ìyá mi ti ń sin pẹ́pẹ́yẹ ńlá funfun nítorí ìyẹ́ wọn. Ní gbogbo ìgbà òtútù, àwọn obìnrin á pé sí yàrá wa, wọn á máa ya ìyẹ́ kúrò lára igi rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sín, kí ìyẹ́ má baà fò lọ. Ìyẹ́ náà ló rán sínú aṣọ pupa. A kì í sùn lábẹ́ irú ìbora bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń jáde nílé, lọ́jọ́ tí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, lórí kẹ̀kẹ́, láìdì í, kí gbogbo abúlé lè rí i. Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin tó bá gbé e, ìyàwó ọkùnrin náà nìyẹn.

Ignacy mọ̀. Nígbà tí a ń pínyà lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ ló sọ fún mi: "Tó bá di àmọ́dún, gbé ìbora rẹ sórí kẹ̀kẹ́ mi. Bó bá jẹ́ kúbùsù lásán lo gbé wá, n kò ní bínú. N ó gbé e bí mo ṣe ń gbé ti gbogbo ayé."

Àmọ́dún wá dé.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn náà, ara mi kò balẹ̀. Mo gbé kúbùsù sójà tí bàbá mi gbé ti ogun bọ̀, mo ká a, mo tú u. Kúbùsù náà ń yún ni. Mo gbé awọ àgùntàn, ó wúwo jù. Mo mú àpò tí a lè ki koríko sí, mo dá a padà. Bí mo bá ti bu ọbẹ̀, n ó gbé e kalẹ̀, n ó tún wọ yàrá lọ wo ìbora pupa náà. N ó fọwọ́ kàn án, n ó jáde.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹrù ìsùn lò ń dì ni, àbí ẹ̀mí ara rẹ?"

Mo tún kúbùsù náà ká.

Nígbà tó ku ọ̀la, Hipolit yà nílé wa. Ó ní òun fẹ́ rí ìbora. Tayọ̀tayọ̀ ni ìyá mi fi gbé e jáde. Hipolit ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ó dà bíi pé ìyẹ́ adìẹ wà nínú rẹ̀. Ó béèrè iye ìrọ̀rí tó máa bá a lọ, torí ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun pọ̀. Mo dúró síbi ààrò, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìyá mi bu wàrà kíkan fún un. Nígbà tí Hipolit lọ tán, ìyá mi gbé ìbora lé orí itan, ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí.

Láàárọ̀, nígbà tí ìyá mi lọ fún wàrà lára màlúù, mo gbé ìbora náà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ọwọ́ ìyá mi ló kún inú rẹ̀, ẹni tó ni í ló lè fi í tọrẹ. Mo dá a padà, mo mú kúbùsù sójà, mo lọ.

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Ignacy gba ẹrù mi, ó gbé e wò lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó rọra gbé e sórí kẹ̀kẹ́, kò wò mí.

"Ignacy," ni mo wí, "kúbùsù yìí nìkan ni mo ní. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi wá. Bí èmi nìkan bá tó ọ, n kò padà sọ́dọ̀ Hipolit."

Ó di ìjánu ẹṣin mú. "Ẹyẹlé mi," ló wí, "koríko tí a ó sùn lé pọ̀ nílé wa."

Ibẹ̀ la wà tí àwọn èèyàn fi yíjú sọ́nà. Ìyá mi ló ń bọ̀. Ó gbé ìbora náà mọ́ àyà, pupa yòò, kò dì í, ìrọ̀rí wà lórí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan bi í bóyá òtútù ń mú un ní oṣù kẹjọ. Ìyá mi kọjá lára rẹ̀. Ó gbé ìbora lé orí gbogbo ẹrù, ó kọjú sí mi.

"Hipolit fọwọ́ tẹ ìbora mi ní àtẹ̀túntẹ̀," ló wí. "Kò béèrè rẹ lẹ́ẹ̀kan."

Ó wá kọjú sí Ignacy. "Wọ́n ní o mọ bí a ti ń bo ẹrù ẹlẹ́rù. Tí ẹ bá dé, n ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá rin, dá ọmọ mi padà fún mi."

"Mo gbọ́, mà," ni Ignacy wí.

N kò gbádùn ìrìn náà. Kò sẹ́ni tó lè sùn lábẹ́ ìbora ìyàwó, nítorí náà mo ń gbọ̀n nínú abà àwọn obìnrin, kúbùsù ń yún mi. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Arábìnrin Lodzia, a gbọ́ pé o gbé ìbora wá?" Ẹsẹ̀ mi lé ròrò, n kò bìkítà. Ojú ọ̀run ni mò ń wò. Níwájú Ìyá Olúwa pàápàá, ọ̀rọ̀ òjò nìkan ló wá sí mi lẹ́nu.

Ìgbà tí a ń padà bọ̀, ní pápá gbalasa, òjò dé.

Ìdààmú bá mi. Mo rò pé Ignacy yóò fa tapólì bo ìbora wa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù àwọn èèyàn ló fi tapólì bò. Ó bọ́ kóòtù lé ìbora, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lé e, etí ìbora ṣì ń yọ. Mo da kúbùsù sójà bò ó, kò tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá arúgbó tí Ignacy bo ẹrù wọn léṣìí bá tú ìborùn rẹ̀, ó nà án bò ó. Èkejì tú tirẹ̀. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ ká, wọ́n di etí aṣọ mú, wọ́n ń kọrin, a sì jọ ń rìn nínú ẹrẹ̀.

Ìyá mi ti ń dúró ní oríta. Kò bi wá bóyá a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Olúwa. Ó ń ká àwọn aṣọ tútù náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan pupa. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́.

"Ó gbẹ," ló wí.

Ó wo Ignacy, tó dúró láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa.

"Gbé e wọlé," ni ìyá mi wí. "Ìwọ náà, wọlé."