Omidan Tàbí Opó

Orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà ni Ìbíyẹmí ti kọ́kọ́ rí Olúbọ̀dé. Ó gbé bọ́ọ̀lù àwòrán ayé mọ́ àyà, èyí tí ọ̀gá ilé ìwé rán an lọ rà fún kíláàsì jọ́gíráfì tí ó ń kọ́ ní Ìgandò. Èrò ń tì í síwá sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan, tí ó gẹ irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, dúró síwájú rẹ̀, ó sì na ìka sí bọ́ọ̀lù náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Baruwa wà níbí?"

"Kò sí níbẹ̀. Ẹ ṣíwọ́ kúrò."

"Gbogbo ayé lẹ gbé dání, ẹ wá ní àdúgbò wa ò sí níbẹ̀? Ẹ dá a padà fún wọn jàre. Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ."

Ìbíyẹmí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, bọ́ọ̀lù náà ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti wà nínú fóònù Ìbíyẹmí. Ó ní Olúbọ̀dé Akínlẹ́yẹ ni orúkọ òun, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé àwọn ọ̀gágun ní Kàdúná, àti pé ọ̀dọ̀ ìyá òun ní Baruwa ni òun ti wá lo ìsinmi.

Ọdún méjì ni wọ́n fi fẹ́ra. Kì í ṣe ọdún méjì gbáko, nítorí Borno ni wọ́n gbé Bọ̀dé lọ, ìgbà tí wọ́n bá fún un láyè nìkan ni ó ń wálé. Ṣùgbọ́n ó ń pè é.

"Tíṣà mi, ṣé o ti jẹun?"

"Ìwọ tó o wà lójú ogun lò ń béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ mi?"

"Èmi ti jẹ ẹ̀wà. Ó ní òkúta nínú, ṣùgbọ́n mo ti jẹ ẹ́. Ìwọ ni mò ń bi, olólùfẹ́."

Àwọn ẹbí Bọ̀dé wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní ilé àwọn òbí Ìbíyẹmí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n fi ìdáná sí oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn agbésùnmọ̀mí dá ọkọ̀ àwọn sójà lọ́nà ní Borno. Lẹ́fútẹ́náǹtì Olúbọ̀dé Akínlẹ́yẹ kú níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sin ín, ní ibi ìsìnkú àwọn ológun. Bàbá Bọ̀dé ti kú tipẹ́. Àwọn àgbà ẹbí láti Èkìtì sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé ìyá kò gbọdọ̀ rí sàréè ọmọ tí ó bí, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ béèrè ibi tí ó wà. Richard tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n wá ẹni tí ó kéré sí Bọ̀dé nínú ẹbí, wọn kò rí. Ìbíyẹmí nìkan ni ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Níbẹ̀, obìnrin sójà kan tí ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́ dá a dúró. Àwọn ẹbí nìkan ni ó lè dúró níwájú, àwọn yòókù á bọ́ sẹ́yìn.

"Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?"

"Ìyàwó ẹ̀ ni mí," ni Ìbíyẹmí wí.

Sójà náà kọ ọ́ sílẹ̀, Ìbíyẹmí sì dúró níwájú.

Nígbà tí ó padà dé tí ó ròyìn rẹ̀ fún ìyá Bọ̀dé, tí ó ń pè ní Mọ́mì, obìnrin náà dì mọ́ ọn, ó sì sunkún títí. Láti ọjọ́ náà, "ìyàwó mi" ni ó ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, Ìbíyẹmí ti padà sí kíláàsì. Kò jókòó opó. Kò wọ aṣọ dúdú. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé kí ó má ṣe é.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí Simeon Oyèníran tó dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ọmọ Oǹdó. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ Áńgílíkà tí Ìbíyẹmí ń lọ ní Baruwa, tí ìyá Bọ̀dé náà ń lọ. Simeon kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí Ìbíyẹmí fẹ́ràn rẹ̀ ni pé nígbà tí gbogbo èèyàn ń yí ọ̀rọ̀ padà bí orúkọ Bọ̀dé bá ti bọ́ lẹ́nu Ìbíyẹmí, Simeon jókòó tì í, ó ní, "Sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún mi." Ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Bí ìfẹ́ ṣe tún wọlé nìyẹn. Inú Ìbíyẹmí dùn, ìdùnnú náà sì ń ṣe é bí ẹni tí ó ṣẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí, àwọn méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ìjọ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìkéde ìgbéyàwó. Bàbá Abraham, akọ̀wé ìjọ, fi awò sójú.

"Simeon Oyèníran, àpọ́n. Mo ti kọ ìyẹn. Ìwọ ńkọ́, Ìbíyẹmí? Omidan ni kí n kọ ni, àbí opó?"

Ìbíyẹmí wo ìlà tí bírò Bàbá Abraham dúró sí.

"Bàbá, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ kọ nǹkan kan síbẹ̀?"

"Dandan ni o. Ohun tí mo bá kọ ni àlùfáà máa kà. Àbí o fẹ́ kó dúró láàrin ìjọ kó máa sọ pé, 'Ìbíyẹmí, ẹni tí a ò mọ ohun tó jẹ́'?"

Simeon rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí ojú Ìbíyẹmí, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ fún wa di Ọjọ́bọ̀, sà."

"Kó má kọjá Ọjọ́bọ̀ o. Ọjọ́ Àìkú yìí la máa kà á, ọjọ́ yẹn náà la máa rántí àwọn ológun tó kú. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn mi."

Nígbà tí wọ́n jáde, Simeon bi í léèrè ohun tí ó ń dà á láàmú.

"Ẹ ò kúkú ṣègbéyàwó, Ìbíyẹmí."

"Mo mọ̀."

"Omidan ni ẹ́ nìyẹn."

"Mo sọ fáwọn sójà pé ìyàwó ẹ̀ ni mí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Simeon, mi ò parọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣé tó o bá wá kọ omidan lónìí, o parọ́ nìyẹn?"

"Ohun tí mi ò mọ̀ gan-an nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá Simeon lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Ọmọ mi ò gbéyàwó rí," ni ó wí lójú Ìbíyẹmí, "kò ní fi opó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ omidan ni ẹ́, ọmọ mi, jókòó ká jẹun. Bó bá jẹ́ opó, ẹ tètè wí, kí n má wulẹ̀ rán aṣọ."

"Dádì!" ni Simeon kígbe.

"Mo béèrè ọ̀rọ̀ ni. Kí ni mo ṣe?"

Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, Ìbíyẹmí gba Baruwa lọ. Ìyá Bọ̀dé jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mọ́mì." Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Dìde, mo ti gbọ́. Ṣé ẹnu Bàbá Abraham lọ̀rọ̀ ń dúró sí?"

"Ẹ má bínú sí mi, Mọ́mì."

"Ta ló ń bínú? Simeon dáa. Ó máa ń kí mi, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kì í ṣe bí àwọn ọmọ yìí tó ń juwọ́. Fẹ́ ẹ. Ẹyọ nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹ." Ó ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà náà. "Jẹ́ kí wọ́n kọ opó."

Ìbíyẹmí wolẹ̀.

"Bọ̀dé ò bímọ," ni obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní kò láya. Nílé wa l'Ékìtì, tí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn tó ti lọ, wọ́n ti ń fò ó. Bí ẹni tí kò wáyé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ ọ nínú ìjọ, pé ọmọ mi fi ìyàwó sílẹ̀ lọ."

"Mọ́mì, mi ò lè parọ́ nínú ilé Ọlọ́run."

"O sọ ọ́ létí sàréè. Ṣé Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ ni?"

Ìtìjú mú Ìbíyẹmí, àánú mú un, ìbínú sì mú un sí obìnrin tí ó fẹ́ràn bí ìyá. Bí ó bá kọ opó, ó lè pàdánù Simeon, a ó sì máa pè é ní ohun tí kò jókòó rẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá kọ omidan, níwájú ìyá Bọ̀dé ni yóò ti sọ pé Bọ̀dé kò jẹ́ nǹkan kan sí òun. Èyí tí ó bá mú nínú méjèèjì, apá kan rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Ìyá Bọ̀dé rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ béèrè ibi tó wà. Mi ò béèrè ibi tó wà o. Irú ilẹ̀ wo ni?"

"Iyanrìn ni, Mọ́mì. Ó gbẹ."

"Omi kì í dúró níbẹ̀?"

"Kì í dúró."

"Igi ńkọ́?"

"Dóńgóyárò kan wà nítòsí."

"Ó dáa. Dóńgóyárò máa ń lé ẹ̀fọn. Láti kékeré lẹ̀fọn ti máa ń fìyà jẹ ẹ́." Ó gbọn àtẹ náà, ó tún gbọn ọ́n. "Máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú mọ́ ẹ."

Ní Ọjọ́bọ̀, Simeon ń dúró dè é ní ẹnu géètì ìjọ.

"Èyíkéyìí tó o bá kọ, mò ń fẹ́ ẹ," ni ó wí. "Má wo ti Dádì. Èmi ni mo máa bá a sọ ọ́."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Tó o bá ní kò burú, mi ò ní lè ronú."

Ìbíyẹmí wọlé, ó gba bírò lọ́wọ́ Bàbá Abraham, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: omidan. Wọn kò ṣe ìdáná. Kò sùn nílé Bọ̀dé gẹ́gẹ́ bí aya. Òótọ́ ni ó kọ. Ó retí pé ara òun yóò fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò fúyẹ́.

Ó rìn láti ibẹ̀ lọ sọ fún ìyá Bọ̀dé fúnra rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Mọ́mì, omidan ni mo kọ."

"Mo gbọ́."

"Mọ́mì..."

"Mo ní mo gbọ́. Ó dàárọ̀, Ìbíyẹmí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ìgbà ikú Bọ̀dé tí obìnrin náà pe orúkọ rẹ̀. Ìbíyẹmí sunkún dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀bù Pleasure, kò sì lè sọ ẹni tí òun ń sunkún fún.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìjọ kún. Ìbíyẹmí jókòó láàrin Simeon àti ìyá Simeon, bàbá Simeon sì jókòó sí òpin ìjókòó náà pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ìyá Bọ̀dé wà níwájú lápá ọ̀tún, òun nìkan lórí ìjókòó rẹ̀. Àlùfáà ṣí ìwé.

"Mo kéde ìgbéyàwó láàrin Simeon Oyèníran, àpọ́n ìjọ yìí, àti Ìbíyẹmí Fálànà, omidan ìjọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó wí. Ìgbà kìn-ín-ní nìyí."

Ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan kan. Bàbá Simeon rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún fìlà rẹ̀ tó wà lórí itan ṣe. Ẹ̀yìn orí ìyá Bọ̀dé ni Ìbíyẹmí ń wò. Kò mì.

Lẹ́yìn orin kan, àlùfáà mú ìwé mìíràn. Ó ka orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n kú lójú ogun. Mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tí ó kẹ́yìn ni Lẹ́fútẹ́náǹtì Olúbọ̀dé Akínlẹ́yẹ.

"Kí àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ dìde dúró, kí a gbàdúrà fún wọn."

Ní apá òsì, ẹbí kan dìde, bí èèyàn mẹ́fà. Láàrin, obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ dìde. Lápá ọ̀tún, ìyá Bọ̀dé dìde, ó di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú mú. Òun nìkan ni.

Ìbíyẹmí kò ronú kí ó tó dìde. Ìgbà tí ó ti dúró ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ti dìde. Simeon wò ó. Ó gba Bíbélì àti ìwé orin lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kí ó lè ráyè kọjá.

"Níbo ló ń lọ?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún un, Dádì."

"Ṣé omidan kọ́ ni wọ́n kà ni?"

"Omidan ni."

"Kí ló wá ń lọ ṣe níbẹ̀?"

Bàbá náà wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ó fa eékún rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, díẹ̀ tí ó tó kí èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Ìbíyẹmí bọ́ sí àárín ìjọ. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sí ara wọn létí láti ìjókòó kan sí èkejì. Ó dé apá ọ̀tún, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìyá Bọ̀dé.

Obìnrin náà kò wo ẹ̀gbẹ́.

"Ta lo wá dúró fún?"

"Bọ̀dé."

"Gẹ́gẹ́ bíi kí ni?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì."

Àlùfáà ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìyá Bọ̀dé sún díẹ̀ láti fún un láyè, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dì í mú le.

"Dúró dáadáa nígbà náà," ni ó wí. "Wọ́n ń wò wá."