Ẹja Tí Kò Ní Tóbi Sí I

Ẹni tó bá fẹ́ kó pe èyí ní irọ́. Irọ́ tí à ń pè é kò ní kó má ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà bá a ṣeré.

Aránṣọ ni. Ọkọ rẹ̀ sì ń gé gíláàsì fèrèsé. Téèpù ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun, ṣùgbọ́n wọn kì í wọn nǹkan bákan náà. Aránṣọ á fi díẹ̀ kún ohun tó bá wọ̀n, kí aṣọ má baà fún ẹni tó ni ín. Onígíláàsì á yọ díẹ̀ kúrò, torí gíláàsì tó bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú férémù kò ní wọlé, fífọ́ ló máa fọ́. Bí wọ́n bá jọ wọn kọ́tìnì, ìjà ni. "Ahun!" ni ìyàwó máa ń pè é. "Àpà!" ni òun náà á fi dá a lóhùn. Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, dókítà ní kó dùbúlẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó má ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Kò jiyàn. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ṣùgbọ́n ògiri kò ṣeé bá tàkúrọ̀sọ. Ó ń wo àjà, àjà ń wò ó. Ọkọ rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ ń ṣú lójoojúmọ́, ló bá fi gíláàsì tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ṣe àpótí ẹja kan, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Irú ẹja wo lo fẹ́?"

"Èyí tó gùn. Tó ń rìn bí ejò. Kí èmi náà máa rí nǹkan tó ń lọ síbi tó wù ú."

Ó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ṣí ohùn sílẹ̀ kí ìyàwó lè máa gbọ́. Ohùn obìnrin ẹlẹ́ja náà rẹlẹ̀. Omi ń kán lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, èyí tó nípọn, tó nílà pupa yìí, wù mí."

"Á wù yín. Tó bá dàgbà, á gùn ju apá yín lọ. Ẹ ó fi balùwẹ̀ yín sílẹ̀ fún un ni. Á tún máa ti ìdérí jáde."

"Àwọn tín-ín-rín yìí ńkọ́?"

"Wọn ò ju ìka lọ. Àmọ́ wọn kì í dá gbé, àfi kẹ́ ẹ kó wọn lọ́pọ̀."

"Èwo wá ni kí n mú?"

"Èmi kì í wo ẹja kí n tó wo ilé rẹ̀. Báwo ni inú àpótí yín ṣe fẹ̀ tó?"

Ọkọ sọ iye rẹ̀. Aránṣọ gbọ́ ọ láti orí ibùsùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ti yọ díẹ̀ kúrò. Bárakú ni, kò sí oògùn rẹ̀.

Ẹlẹ́ja tún iye náà sọ. Omi ń kán. "Ṣé ohun tó jẹ́ nìyẹn?"

"Òun ni, Màmá."

"Ó dáa. Màá fún yín ní èyí tó bá a mu. Kò ní tóbi sí i."

Ẹja náà dé. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ó ri ara rẹ̀ sínú iyanrìn, ó ku orí níta. Lọ́sàn-án, á jáde, á rọra yí inú àpótí ká, á padà síbi tó ti wá. Inú aránṣọ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ tutù. Omi ti kún dé ẹnu àpótí, ó ń ṣàn sí ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ṣé o bu omi kún un ni?"

"N ò fọwọ́ kàn án."

Ìdérí tó wọ̀ ọ́ dáadáa lánàá ti yọ etí síta. Ọkọ fa téèpù yọ. Ó wọn inú àpótí náà. Ó tún un wọ̀n.

"Ó dọ́gba," ó ní.

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú ohun tí mo sọ fún Màmá."

Kò síbi tó sán. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ kò tú. Ẹja wà nínú iyanrìn, ó ń wò wọ́n. Ọkọ ní ó ní láti jẹ́ pé òun ṣì í gé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn, kí ni ì bá ṣe ju kó gbà lọ?

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí wàhálà. Káfíńtà tí yóò kan ibùsùn ọmọ wá pè, ó fẹ́ mọ bí iyàrá ṣe tó. Ọkọ wọ̀n ọ́n láti ògiri dé ògiri, ó sọ iye rẹ̀ fún un lórí fóònù. Aránṣọ ń tòògbé, kò gbọ́ iye tó sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ògiri. Ògiri kì í sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kò ṣeé ṣí. Ọkọ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kọlu ẹsẹ̀ ibùsùn, ó dúró sí ìdajì. Ọ̀dà ara ògiri kò bó, ohunkóhun kò dún. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ilé tó bá fẹ́ wó a máa ké.

"Fún mi ní téèpù," ni aránṣọ wí.

Ó wọn iyàrá láti orí ibùsùn. Ó fi kún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kígbe iye náà sí àpótí ẹja. Ó tún un sọ, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ògiri kò sún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bi òun ní iye rẹ̀.

Ọkọ pe ẹlẹ́ja. "Màmá, ẹ dákun, ẹ wá gba ẹja yín."

"Ṣé ó tóbi sí i?"

"Rárá."

"Ṣé ó kú?"

"Rárá o, Màmá."

"Ẹja bá ilé rẹ̀ mu, ẹ tún ń bẹ̀ mí." Ó pa fóònù.

"Gbé mi jáde," ni aránṣọ wí.

"Dókítà ní..."

"Mo mọ ohun tí dókítà sọ! Ṣé ibí ni kí n kú sí?"

Ẹ̀rù méjì ló dì í mú. Bó bá dìde, ọmọ lè bọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, ògiri ń bẹ níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ọkọ fà á lọ́wọ́, aránṣọ sì fi ẹ̀gbẹ́ wọ àlàfo ilẹ̀kùn náà. Ó ti ń bẹ̀rù pé ikùn kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ó kọjá wẹ́rẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ẹja. Ọkọ tẹ́ aránṣọ sórí àga gígùn ní pálọ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí inú rírun. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ó mí kanlẹ̀.

Lọ́sàn-án, agbẹ̀bí tó máa ń wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dé. Ó ki wọ́n, ó fọwọ́ tẹ ikùn, ó fi téèpù rẹ̀ wọ̀n ọ́n bó ṣe máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó wa, ikùn yìí kéré sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn.

"Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí ọkọ yín wọ̀n ọ́n fún mi lánàá, tí mo pè pé n ò ní lè wá," ni agbẹ̀bí ń bá a lọ. "Ẹ̀ ń sùn nígbà náà. Mo rò pé ó ṣì í wọ̀n ni. Àmọ́ iye tó sọ náà nìyí. Kò fi kan yàtọ̀."

Láti àárọ̀, ọkọ rẹ̀ kò tíì wo ikùn rẹ̀. Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i. Nínú rẹ̀, ọmọ náà ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń tì wọ́n bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí àyè há mọ́.

"Mélòó lo sọ?" ó bi í.

Ọkọ ti téèpù rẹ̀ bọ àpò.

"Olówó orí mi, mo ní mélòó lo sọ fún wọn?"

Agbẹ̀bí ń wo àwọn méjèèjì, kò mọ èyí tí òun ì bá bi.