Odì Tó Dínà Liechtenstein

Kùrukùru bo adágún odò tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Thamesmead, ní London, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Waheedah jókòó lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn òkè. Kò sí òkè kankan níbẹ̀ o. Ilé alájà gíga mẹ́ta ló yọrí jáde nínú kùrukùru, ṣùgbọ́n lójú Waheedah, òkè tí yìnyín bo orí wọn ni wọ́n, adágún yẹn sì ni odò Rhine. Liechtenstein ló ń wò, orílẹ̀-èdè kékeré tó há sáàárín Switzerland àti Austria, tó kéré débi pé kò ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò sì tíì fẹ́ràn ibì kan báyìí rí. Ọ̀gbẹ́ni Jethro, olùkọ́ wọn nínú jọ́gíráfì, ló pín wọn ní méjì méjì, ó fún àwọn méjì kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, pé kí wọ́n wá sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, irú ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bá dára jù ni ilé-ìwé yóò mú lọ wo orílẹ̀-èdè náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Waheedah ti ń fojú inú gun òkè. Bó bá ń fọ abọ́, ààfin tó wà lórí àpáta ní Vaduz ló ń rí. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì, ọgbà àjàrà ló ń kọjá lójú fèrèsé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Ganiyat ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì rẹ̀, Waheedah kò sì bá Ganiyat sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n ń lọ. Ní Sátidé kan, Waheedah kò lọ kéwú. Lesnes Abbey ló gbà lọ, ó jókòó láàárín àwọn ògiri àtijọ́ tó ti wó, ó ń lálàá láìsùn. Ìyá rẹ̀ pàdé Ganiyat ní ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè bí kéwú ṣe lọ. Ganiyat ní, "Auntie, Waheedah ò wá o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Waheedah dì sínú. Àwọn kan wà tí inú á bí wọn lónìí, tí wọ́n á gbàgbé lọ́la. Waheedah kò sí lára wọn. Ó ń tọ́jú ìbínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, ó ń gbé e sùn, ó ń gbé e jí.

Ní kíláàsì, Ganiyat wá bá a. "Waheedah, báwo la ṣe máa pín iṣẹ́ yìí?"

Waheedah kọjú sí Jordan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jordan, bá mi sọ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn pé mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Allow it, fi mí sílẹ̀ jàre!" ni Jordan wí. "Iwájú ẹ ló kúkú dúró sí. Ṣé èmi ni fóònù yín ni?"

Ganiyat mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Màá text ẹ. Tó bá wù ẹ́, kó o kà á."

Nírọ̀lẹ́, fóònù Waheedah dún. Ó rí orúkọ Ganiyat, ó sì dojú fóònù délẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó dé, ó ń bọ́ bàtà.

"Ta ló ń wá ẹ tó ò dáhùn?"

"Ganiyat ni, Mummy. It's nothing."

"Ẹ ò tíì parí ìjà yẹn? Èmi ni mo bi í léèrè o. Ṣé kó parọ́ fún mi ni?"

"Ó lè dákẹ́."

"Kó dákẹ́ kẹ̀! Kí àgbà béèrè ọ̀rọ̀, kó wá máa wò mí bí ewúrẹ́?"

"Mummy, kò lè yé yín."

"Ó yé mi dáadáa. Orí kunkun bàbá ẹ lo gbé wọ̀. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni, dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn."

Ìyá rẹ̀ wọlé lọ. Waheedah gbé fóònù, ìka rẹ̀ dúró lórí orúkọ Ganiyat. Ṣùgbọ́n bó bá kà á, àmì aláwọ̀ búlúù tó ń fi hàn pé ó ti kà á yóò yọ lọ́dọ̀ Ganiyat, Ganiyat yóò sì rò pé Waheedah ti túúbá. Ó ti fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí. "Èmi á sọ ti òkè àti odò," ó sọ fún ara rẹ̀. "Òun á rí èyí tó kù sọ." Bó ṣe padà sínú yìnyín rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ ọ̀rọ̀ pé. Ganiyat ló kọ́kọ́ dìde. "Liechtenstein rí tẹ́ẹ́rẹ́," ó ní. "Odò Rhine ló pààlà rẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn. Òkè Alps ló wà lápá ìlà oòrùn."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn òkè Waheedah ń bọ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ganiyat sọ nípa àwọn ènìyàn ibẹ̀, bí wọ́n ṣe tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjì, tí wọ́n ń sọ èdè Jámánì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Waheedah ló máa sọ ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun," ó sì jókòó.

Waheedah dìde. Òkè, odò àti yìnyín ló kún inú ìwé rẹ̀. "Odò Rhine..." ló bẹ̀rẹ̀.

"A ti sọdá odò yẹn!" Keziah pariwo láti ẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n ń ṣe jẹun, Waheedah?" Ọ̀gbẹ́ni Jethro béèrè.

"Wọ́n... wọ́n ní ọgbà àjàrà."

"Kí ló tún kù?"

Kò mọ̀. Olùkọ́ wo Ganiyat, Ganiyat náà mi orí. "Mo rò pé òun ló ń ṣe ìyẹn, Sà. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i."

Ọ̀gbẹ́ni Jethro gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. "Owó Switzerland ni wọ́n ń ná. Wọ́n ń ṣe irinṣẹ́, wọ́n ń ṣe eyín àtọwọ́dá, wọ́n ń tà á káàkiri ayé. Wọn ò pọ̀ tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, nítorí náà láràárọ̀ ni àwọn ará Switzerland àti Austria ń sọdá wá bá wọn ṣe é. Wọ́n kéré, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò lè dá a ṣe."

Jordan àti Keziah, tí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí Malta, ni wọ́n mú.

Lẹ́yìn ilé-ìwé, ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní Woolwich, Ganiyat dá dúró, ojú rẹ̀ pọ́n. Waheedah rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ganiyat, èmi ni mo jẹ̀bi."

"Èmi náà fẹ́ rí ibẹ̀, Waheedah. Ṣé ìwọ nìkan lo rò pé o fẹ́ lọ ni? Mo bi ẹ́ nínú text tí mo fi ránṣẹ́ bóyá òkè lo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀. Ká ní o dáhùn ni, ǹ bá ti gbé e sílẹ̀ fún ẹ."

Bọ́ọ̀sì Thamesmead dé, àwọn méjèèjì wọlé.

"Inú ṣì ń bí mi o," ni Ganiyat wí bí wọ́n ṣe jókòó.

"Máa bínú," ni Waheedah dáhùn. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má bá mi yodì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí inú kì í bí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ sí i lójú, ẹ tilẹ̀ jà bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ohun tí Waheedah fẹ́ jù láyé, Ganiyat ti nawọ́ rẹ̀ sí i. Odì ni kò jẹ́ kó gbà á.